Ìkìlọ̀ Orí Ìtàn Àǹtí Ràzíátù

[Ràzíátù ló pe Màrwà, ìyàwó àbúrò rẹ̀.]

RÀZÍÁTÙ: Ìyàwó mi! Sàláámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé o ti jẹun? Má ṣí WhatsApp.

MÀRWÀ: Wà àlékúmù sàláámù, Àǹtí. Ẹ kú—

RÀZÍÁTÙ: Fi ìkíni sílẹ̀! Ju fóònù yẹn sílẹ̀!

MÀRWÀ: Àǹtí, òun náà la fi ń sọ̀rọ̀.

RÀZÍÁTÙ: Ẹn-ẹn, dì í mú. Ṣùgbọ́n má wojú ẹ̀. [hóònù trotro, ọkọ̀ èrò] Ọjà Adum ni mo wà, ariwo pọ̀ paa. Ṣé o gbọ́ mi?

MÀRWÀ: Mo gbọ́. Tó bá jẹ́ ìtàn tí ẹ kọ sí gúrúùpù àwọn obìnrin ni, mo ti kà á.

RÀZÍÁTÙ: Yéè! Mo kọ ìkìlọ̀ sórí ẹ̀! Gàdàgbà gàdàgbà: "Ọmọ tuntun kú nínú ìtàn yìí. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe, kó má kà á." Content warning tó tóbi ju pátákó ṣọ́ọ̀bù lọ!

MÀRWÀ: Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

RÀZÍÁTÙ: Ẹ̀ẹ̀mẹ— Màrwà! Ọ̀nà tí a ní kó o má gbà, o lọ, o bọ̀, o tún lọ?

MÀRWÀ: Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló pè mí.

RÀZÍÁTÙ: Mo dáràn. Bàṣírù ọkọ ẹ á—

MÀRWÀ: Ẹ gbọ́ ná. Oṣù méjì rèé tí gbogbo ayé ti ń fi ìkìlọ̀ yí mi ká. Wọ́n kó aṣọ ọmọ pamọ́. Adwoa tá a jọ ń gbélé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, kí n má baà rí ọmọ ẹ̀. "Ohun tó ṣẹlẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́ pé ọmọ kú. Mo ní, háà, ẹnìkan rántí pé ọmọ ni.

RÀZÍÁTÙ: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ìyàwó mi...

MÀRWÀ: Ó dùn mí o. Mo sunkún títí ọrùn fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n— [fóònù ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀] —ṣé ẹ gbọ́ mi?

RÀZÍÁTÙ: Mo gbọ́.

MÀRWÀ: Ọmọ inú ìtàn lórúkọ. Àbdùssàlàm. Tèmi, ọjọ́ kẹfà ló lọ, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lórúkọ yẹn. Ẹ wá òmíràn fún tinú ìtàn.

RÀZÍÁTÙ: Mi ò lè fún ẹ.

MÀRWÀ: Orúkọ lásán—

RÀZÍÁTÙ: Kì í ṣe tèmi! Bàṣírù ló yàn án. O mọ̀ pé bàbá kì í dárúkọ ọmọ títí dọjọ́ kẹjọ. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi kọ ọ́ síbì kan." Torí ẹ̀ ni mo ṣe kìlọ̀. Màrwà, ṣé o gbọ́ mi? Orúkọ ọmọ yín ni.

MÀRWÀ: Ó mọ orúkọ ẹ̀?

RÀZÍÁTÙ: Ẹ̀rù ló ń bà á, pé tó bá pè é, wàá—

MÀRWÀ: Ó wà ní yàrá. [ilẹ̀kùn] Bàṣírù! Kí lorúkọ ọmọ wa?

RÀZÍÁTÙ: Rọra o! Ṣé o gbọ́ mi? Màr—

[Ọkùnrin kan bú sẹ́kún. Fóònù já.]