Erékùṣù Tí Kò Sí Lójú Òkun

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún kò gbà mí gbọ́. Ẹnì kejì gbà mí gbọ́, ó ní kí n gbé e mì. Kò ṣeé gbé mì mọ́, ó ti há mi lọ́fun, ìdí nìyí tí mo fi ń pọ̀ ọ́ síta níwájú gbogbo yín, ẹ̀yin aláró àti aránṣọ ìlú Kyoto, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìyá Fusae àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n rí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọmọ wọn yóò kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, yóò sì ta ilé wọn. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ọwọ́ Ìyá Fusae ti kú. Ìyá náà fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Kuwabara Tomoya ni mo pa irọ́ náà, ìka ọwọ́ mi ni mo sì fi pa á, n kò tilẹ̀ la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìdí mi kì í gbé ibi iṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́ta mo fi ibi iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀, títí bàbá mi fi sọ pé bí mo bá tún fi ẹ̀karùn-ún sílẹ̀, kí n má ṣe wá sílé fún ọdún tuntun mọ́ láé. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú mi jókòó ni àdììtú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń ya kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ wa, ní ilé aró Ọ̀gá Tanigaki, ọkàn mi fò. Wọn a kọ́kọ́ rán aṣọ ṣẹ́dà funfun náà pọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wọn a ya àwòrán sí i lára, wọn a tú u ká, wọn a kùn ún lẹ́yọ-lẹ́yọ, wọn a sì tún un rán, ìlà tó ti èjìká òsì bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ara rẹ̀ mú ní gbogbo ojú ìránṣọ títí dé ẹsẹ̀. Mo ní, àdììtú tí èèyàn ń gbé wọ̀ rèé. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akunṣọ, ìyẹn ni iṣẹ́ karùn-ún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lágbàáyé ní kìmónò tirẹ̀, tí àṣà wọn yóò hàn lára rẹ̀, pín iṣẹ́ káàkiri àwọn ilé aró. Àwọn kan gba ìlú olókè yìnyín, àwọn kan gba ìlú ràkúnmí. Ti Erékùṣù Máṣáàlì, orílẹ̀-èdè tó wà láàárín agbami òkun, bọ́ sọ́wọ́ wa, Ọ̀gá sì ní kí n wá ohun tí a óò yà. Mo kà títí mo fi kan àwòrán òkun tí àwọn baba ńlá wọn máa ń ṣe: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀, ọ̀pá tó tẹ̀ dúró fún ìgbì, ìkarahun kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ọn dúró fún erékùṣù. Atukọ̀ a há a sórí nílé kó tó wọ ọkọ̀. N kò sùn dáadáa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo da ìgbì wọ̀nyẹn sórí kìmónò pẹ̀lú ìkarahun méjìlélógún, kò sì sí ìlà kan tó ṣìnà lójú ìránṣọ.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń fa ìlà. Ìyá Fusae ni. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, opó, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n sì ti fi ń fún ẹ̀kọ ìrẹsì sórí aṣọ láti inú ìwé tí a ká bí òkòtó, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ̀kọ náà ni odi. Bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ sí ìhà kan, ẹ̀kọ kò ní jẹ́ kó kọjá sí ìhà kejì. Bí a bá fi ooru omi gbígbóná se aṣọ tán, tí a fọ̀ ọ́, ẹ̀kọ a lọ, ìlà funfun a kù. “Ọmọ yunifásítì,” ni wọ́n máa ń pè mí, “ta ló ní kí òkun ẹ ní ìgbì tó báyìí? Ṣé ẹja inú ẹ̀ ò ní máa bì ni?” Mo ní, “Ìyá, ọrùn ọwọ́ yín ló ń dùn yín, ẹ fi ẹja sílẹ̀.” “Ọrùn ọwọ́ mi le ju ti ìwọ tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Wá jẹun jàre.” Wọn a ti ìrẹsì tí wọ́n dì róbótó sí mi níwájú, pẹ̀lú kùkúńbà oníyọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gé. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ni. Mo jẹ oúnjẹ yẹn fún ọdún kan àtààbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Òfin kan ló le jù ní yàrá ìkunṣọ wa: ohun mímu kò gbọ́dọ̀ wọlé. Aṣọ tí a kò tíì se, ẹ̀kán omi kan ti tó láti bà á jẹ́. Ọ̀gá ti lé ọkùnrin kan rí nítorí ife tíì tí kò tilẹ̀ dànù. Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí sílẹ̀ pé n kò mọ̀. Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù keje, ooru mú bí ẹni pé wọ́n dé ìkòkò lé ìlú lórí. Ọ̀gá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa se aṣọ. Ìyá Fusae na ẹ̀yìn sílẹ̀ ní yàrá kejì. Mo gbé ife tíì ọkà báálì wọlé, yìnyín kún inú rẹ̀, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ní ojú ewé àdììtú, níbi tí wọ́n ti ní kí a fi nọ́ńbà dí àwọn àpótí òfìfo. Ó ku nọ́ńbà mẹ́ta. Mo rí wọn, inú mi dùn, mo sì gbé ife kọjá lórí aṣọ láìwò ó. Òógùn ìdí ife náà kán. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ó bọ́ sórí ìhà òkun tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ní apá òsì nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pààlà láàárín rẹ̀ àti aró dúdú, ó sì ń ràn bí ojú tó ń là.

Ká ní mo pe Ìyá Fusae nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fa irú rẹ̀ padà kí aṣọ tó dé inú ooru. Wọ́n ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín wa. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́ jù. Orí mi, orí tí mo fi ń yangàn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́: àbàwọ́n yìí, ta ló tún lè ni ín? Bí omi bá kán, akunṣọ ló jẹ̀bi. Bí ìlà ẹ̀kọ bá já, ẹni tó fa ìlà ló jẹ̀bi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ ẹ̀kọ náà kí etí rẹ̀ má baà fọ́, mo dúró kó rọ̀, mo fi èékánná ìka tó kéré jù gé e níwọ̀n wóró ìrẹsì kan, mo sì ti aró dúdú gba ibẹ̀ kọjá títí ó fi bo àbàwọ́n omi náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mo mu tíì mi tán, mo fọ ife.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí a ti se aṣọ tí a sì ti fọ̀ ọ́, Ọ̀gá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Aró ti yọ ahọ́n jáde lẹ́nu ibi tí ìlà ti já. Ìyá Fusae kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án. “Ìlà mi ló já,” ni wọ́n wí. Ọ̀gá wò wọ́n. “Fusae, ìlà ẹ já rí?” “Kò já rí. Ó já báyìí.” Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé korobá omi dání. Wọ́n yí sí mi, ẹni tó lè bí ìyá mi, wọ́n tẹrí ba títí iwájú orí wọn fi kan ẹní. “Tomoya, mo ba òkun ẹ jẹ́. Forí jì mí.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Kò burú, Ìyá. Mo ti forí jì yín.”

Kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi òwú funfun àti òwú wúrà kọ́ ìkarahun kan lé àbàwọ́n náà lórí, bẹ́ẹ̀ ni òkun Máṣáàlì ṣe ní erékùṣù kẹtàlélógún. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ọmọbìnrin kan wọ kìmónò náà jáde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan wà lára àwọn àlejò tó ti Máṣáàlì wá, Bàbá Jorbon, ọmọ atukọ̀. Ó wò ó pẹ́, ògbufọ̀ sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní òun kò mọ̀ pé aṣọ lè gbé òkun àwọn. “Ṣùgbọ́n erékùṣù wo lèyí?” Ìka rẹ̀ nà sí ìkarahun kẹtàlélógún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nílé àwọn, ẹni tó ṣe irú àwòrán yìí nìkan ló lè kà á tán. “Ta ló ṣe é nínú yín? Kó wá kà á fún mi.” Gbogbo ojú yí sí mi. Kí n tó wá irọ́ tó ṣeé gbọ́, Ìyá Fusae ti bọ́ síwájú. “Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí erékùṣù níbẹ̀. Ọwọ́ èmi arúgbó ló gbọ̀n, wọ́n sì fi ìkarahun bò mí láṣìírí.” Bàbá náà tẹrí ba fún wọn. Èmi pa ẹnu mi tó ti là dé.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Fusae ti ń ṣọ́ ọwọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná sílẹ̀. Wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn lè yọ̀ lára irin. Nobuhide, ọmọ wọn, gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà yẹ orí wọn wò, wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò, wọn ò rí nǹkan kan. “Dókítà ò rí i,” ni Ìyá sọ fún Nobuhide, “ṣẹ́dà ló rí i.” Ìyá náà ló ní kó bá àwọn wá ilé arúgbó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi àpò kan ránṣẹ́ sí mi. Àwọn òkòtó ìwé wọn ni, mọ́kànlá, pẹ̀lú ẹnu irin wọn, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, àti ìwé pélébé kan: “Ọwọ́ tìẹ lágbára. Máa lò wọ́n.” Mo ka ìwé náà tán, mo sì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò.

Lọ́jọ́ kejì mo sáré lọ bá wọn. Wọ́n gbé omi fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di ife kékeré náà mú. Mo dojúbolẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ife dé orí èékánná. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá ẹ tọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n má ba orúkọ ara ẹ jẹ́ torí kí n lè rí oorun sùn.”

“Ìyá, èmi ni. Èékánná náà rèé.”

“Bí èékánná bá gé ẹ̀kọ, etí ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. Mo wo etí ẹ̀. Ó mọ́.”

“Mo kọ́kọ́ rẹ ẹ́ ni.”

“Ẹn-ẹn. O ti ronú sí i. Mo mọ̀ pé ìwọ ló máa wá ìdáhùn sí i.” Wọ́n fọwọ́ tọ́ mi lórí jẹ́jẹ́. “Jẹun kó o tó lọ. Nobuhide ló sè é o, fara dà á.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ fún mi pé bí òtítọ́ bá dé, ó lè bá irọ́ lórí àga, kí irọ́ sì máa ṣe é lálejò.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Tanigaki lọ. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. “Mo fura,” ni wọ́n wí. “Ìlà Fusae kì í já.” Mo ní, “Ẹ fura, Ọ̀gá, ẹ sì dákẹ́?” Wọ́n ní, “Aṣọ gbọ́dọ̀ jáde. Ìwọ tó o mọ̀, ṣé o sọ̀rọ̀ ni? Orúkọ ilé yìí ti wà lára ẹ̀, ó sì ń lọ sókè òkun nígbà ìwọ́wé. Gbé e mì, Tomoya. Èmi ti gbé tèmi mì.” Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọn ò sì wo ojú mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀yìn aṣọ náà ló sì wà. Omi tó kán sórí àwọ̀ máa ń fi òrùka sílẹ̀, etí rẹ̀ a dúdú ju àárín lọ, aró tí mo tì lé e lórí kò lè pa á rẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀kọ tó já kì í ní òrùka. Aṣọ tí a fi tẹ́ inú kìmónò ló bò ó. Kìmónò sì ni, aṣọ tí wọ́n dá láti máa tú: aránṣọ tó mọṣẹ́ lè tú ìbú ìka mẹ́rin ní apá òsì nísàlẹ̀, kó sì rán an padà kí ìrẹsì orí iná tó jinná. Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú u. Ojo ni mí, n kò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò jíròrò rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, Ìyá Fusae yóò ti wà níbi tí wọn yóò ti máa fi ṣíbí bọ́ wọn, tí wọn yóò sì gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ìdí náà rèé, mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi bẹ ẹgbẹ́ náà. Ẹ bá mi sọ fún Nobuhide kó má tíì fọwọ́ sí ìwé ilé yẹn. Ẹ gbé Ìyá Fusae dé ẹ̀yìn aṣọ náà, ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Aláró ni wọ́n. Wọn yóò kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orí yín pé bíi tèmi, ẹ bẹ̀rù orí tó tètè ń rí ìdáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni mo fi rí tèmi.

Ìyá Fusae, bí ẹnì kan bá ń ka èyí fún yín: mo sọ lọ́jọ́ náà pé mo forí jì yín. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. N kò sì tíì bẹ̀ yín pé kí ẹ forí jì mí, nítorí bí ẹ bá forí jì mí báyìí, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò ní ọmọ dáadáa ni mí, ẹ óò sì wọ mọ́tò lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ẹ bínú sí mi, Ìyá, kí ẹ yé bínú sí ọwọ́ yín.