Orúkọ Mi ni Wọ́n Pè Lórí Pèpéle

Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún mi ní ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà, mo sì gbé ọ̀pọ̀ ọdún nínú yàrá àwọn tí okùn ń dúró dè. Inú ẹ̀wọ̀n náà ni mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí adájọ́ tó la ẹnu tí mo ti mọ̀ pé ewu dé. Ọ́fíìsì ọ̀gá wa ni mo wà, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Lójú òfin, ènìyàn ni kọ́ńpìnnì," ló wí. "Ó ní orúkọ tirẹ̀. Ó lè ra ilẹ̀, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Ṣùgbọ́n ibo ni ọlọ́pàá ti fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí? Ìwọ lo ní ọwọ́ méjèèjì, ọ̀gbẹ́ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ọ́fíìsì yẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóòmù ìbùsùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín Ìkẹjà sí Agége. Ọmọ Èkìtì ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ débi pé wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń rán aṣọ bo fóòmù. Èmi ni mo kọ́ Ràfíù, ọmọ Agége, ní iṣẹ́ náà. Bọ̀dá ló máa ń pè mí. Bí ìyàwó mi bá se ẹ̀wà, ó máa ń bu ti Ràfíù sí abọ́ ọ̀tọ̀ kí n gbé e lọ fún un.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀. Náírà ti wó, òkè òkun sì ni kẹ́míkà tí a fi ń po fóòmù ti ń wá. Wọ́n ní kẹ́míkà ti tán. Wọ́n lé àwọn kan lọ sílé, wọ́n ní kí àwa tó kù máa wá ní ọ̀sẹ̀ kan, ká jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àsìkò yẹn náà ni ìjọba ológun gba òṣèlú láyè, tí ẹgbẹ́ kan sì fẹ́ ṣe àpéjọ gbogbogbòò láti yan olùdíje. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Olóyè, fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà mọ òun sí ẹni wọn. Òfin sì sọ pé ilé iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú ní owó tàbí ẹrù. Ló bá ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwọ kì í ṣe kọ́ńpìnnì, àbí?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Àwọn aṣojú tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ rí nǹkan sùn lé. Ìwọ lo máa fún wọn ní fóòmù. Èmi kàn bá ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé e ni."

"Ṣé kò ní í dá wàhálà sílẹ̀, sà?"

"Wàhálà kẹ̀? Wọ́n á pe orúkọ ẹ lórí pèpéle! Ìgbà wo ni wọ́n pe orúkọ bàbá ẹ níbì kankan rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Kò fún mi ní kọ́bọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ orúkọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni.

Bí kẹ́míkà tó ti tán ṣe tún yọjú nìyẹn. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ọsíbítù ńlá kan ló ra fóòmù náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi tú lébẹ́lì ilé iṣẹ́ kúrò lára wọn. Lọ́jọ́ àpéjọ, agbádá Olóyè ni mo wọ̀. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú fóòmù náà padà sí sítọ̀ wa, pósítà ẹgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀. Ràfíù wò ó, ó sì kọjú sí mi lójú gbogbo ènìyàn.

"Bọ̀dá, ọsíbítù wo ló ń lẹ pósítà mọ́ fóòmù?"

"Ràfíù, gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

"Ẹ ní kẹ́míkà ti tán. Múfú tí wọ́n lé lọ, ọmọ ẹ̀ ò lọ iléèwé mọ́. Ẹ ò sì lè sọ fún wa! Ẹ kú oríire o, Honorébù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá mi jẹun mọ́. Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní, "Honorébù dé o," wọ́n á sì dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn ológun mìíràn gbàjọba, wọ́n fòfin de òṣèlú, wọ́n sì ní àwọn máa wádìí àwọn ilé iṣẹ́ tó bá ẹgbẹ́ ṣe. Ìgbà yẹn ni agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ó ní orúkọ tí wọ́n pè lórí pèpéle ni ọlọ́pàá máa mú, àti pé wọn ò ní í pẹ́ dé sítọ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún Olóyè. Kò wojú mi.

"Èmi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n fóòmù tí kò bá sí mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi jẹ́rìí?"

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí fèrè ọ̀sán dún, mo dúró kí gbogbo ènìyàn jáde. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: fèrè á dún, gbogbo wa á lọ sọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ lẹ́nu géètì, sítọ̀ á ṣófo. N kò wo ẹ̀yìn òkìtì fóòmù. Mo ṣáná sí etí rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn, mo lọ ra ìrẹsì.

N kò mọ̀ pé wọ́n ti rí oṣù ààwẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ kì í bá wa lọ sẹ́nu géètì. Wọ́n á kírun, wọ́n á sì lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí fóòmù nínú sítọ̀ títí fèrè á fi tún dún. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti kí ara wọn kú oríire ààwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan bá ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá gbọ́.

Èéfín dúdú yọ. Nígbà náà ni a gbọ́ tí ẹnì kan ń lu ìlẹ̀kùn láti inú.

"Ràfíù ni! Ó ti ṣáájú àwa tó ń kírun wọlé lọ sùn! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Àpò mi ló wà. Bí mo bá yọ ọ́, gbogbo wọn á mọ ẹni tó ti ìlẹ̀kùn. Mo dúró. Abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa yọ ọ́, ìlẹ̀kùn ti dákẹ́.

Ní ilé ẹjọ́, níbi tí wọ́n ti fẹ̀sùn ikú Ràfíù kàn mí, Olóyè jẹ́rìí pé òun ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ka ilé iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tí mo ṣẹ̀. Ìyá Ràfíù jókòó, kò sunkún, kò sì gbójú kúrò lára mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àpéjọ ẹgbẹ́.

Nínú yàrá àwa tí okùn ń dúró dè, bí kọ́kọ́rọ́ bá dún láàárọ̀ tí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, oníkálukú á máa gbàdúrà pé kó kọjá ẹnu ọ̀nà òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tèmi ló dúró sí.

"Bàbá, ẹ dìde," ni wọ́dà wí. "Ẹ má gbọ̀n. Gómìnà ti fọwọ́ sí i. Wọn ò ní í so yín kọ́ mọ́. Ẹ̀wọ̀n gbére ló kù."

Mo jókòó sílẹ̀.

"Ta ni ká fi tó létí, Bàbá?"

Ìyàwó mi ti padà sí Èkìtì, kò sì wá mọ́. Mo ronú títí. Ẹnì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wá sí mi lẹ́nu ni Ràfíù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọlọ́lá kan bá ní òun fẹ́ yá orúkọ yín lò, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbà, tí ojú ń tì yín láti jẹ́wọ́, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣì ń kànkùn.