Fáànù Tó Ń Dúró De Oòrùn

Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà máa ń pa fáànù mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lórí nígbàkígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run. Kẹ́míìsì ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, níbi tí ìyá kan àti ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà ti wá ra gúlúkóòsì fún ẹnì kejì wọn tó dákú sídìí ẹ̀rọ.

“Ọ̀gá ní oòrùn ò yọ, ooru wo la tún ń sọ?”

“Màmá, lọ́sàn-án, ìkùukùu lè ṣíji bò wá lóòótọ́. Àmọ́ tó bá wà níbẹ̀ mọ́jú, ìdérí ìkòkò ni. Kì í jẹ́ kí ooru àná gòkè lọ.”

“Mo sọ ọ́. Ó ní ṣé èmi náà ti di onímọ̀ ojú ọjọ́.”

“Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì tiẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í wo ojú ọ̀run kó tó ṣiṣẹ́!” Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àdúrà tí mo gbà láàárọ̀ yìí ni pé kí oòrùn mú ganrínganrín, kí ara lè tù wá.”

Irú àdúrà wo nìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ yìí, àti ẹ̀yin tí ìjọba ní kẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò: ta ló fọwọ́ sí òfin yìí? Èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ dákú kẹ́ ẹ tó tan fáànù?