Tanti Clothilda Kò Ní Sùn Níbòmíràn

Ẹ̀yin ọmọ Anse Lambi, ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ ojú omi wá láti Trinidad, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn lọ́hùn-ún nídìí ọtí ìrèké, mo rí yín o. Ẹ rọra gbé ife yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Orin ìsìn ti tó ná. Tanti Clothilda ò fẹ́ràn orin tó bá gùn, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi Norbert ni mò ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ma Eunice tó ń sun èédú. Ilé wa àti ilé Tanti kọjú síra. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni Tanti kó tó lọ, èmi jẹ́ méjìléláàádọ́rin, èmi ni mo sì dàgbà jù nínú àwọn tó bá a fa àwọ̀n tó ṣì wà láyé. Wọ́n ní kí n wá dágbére fún un. Wọ́n tún ní kí n fi sùúrù sọ̀rọ̀, torí pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì rán èèyàn wá bá wa kẹ́dùn. Mo ti rí òdòdó tí wọ́n gbé wá. Ó dára, ẹ ṣeun. Àmọ́ ti sùúrù yẹn, mi ò ṣèlérí.

Lẹ́tà kan wà lápò mi. Ọ̀dọ̀ máníjà òtẹ́ẹ̀lì ló ti wá. Ó ní kí a má gbé òkú Tanti gba ọ̀nà etíkun lọ́la. Ó ní kí a má sin ín sábẹ́ igi fúrúùtù, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, níbi tí a ti fi ìkaraun ìgbín òkun yí sàréè àwọn èèyàn wa ká. Ó ní ibẹ̀ ti wà nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, òkú sì lè ba àwọn àlejò nínú jẹ́. Wọ́n ti wá àyè dáadáa sílẹ̀ fún un ní ìtẹ́ òkú tuntun ní ìlú, wọ́n á sì gbé òkúta funfun lé e lórí. Àwọn àlejò! Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni àlejò ní Anse Lambi? Ṣé Tanti ni?

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, kò sí iná mànàmáná níbí, kò sí géètì, kò sí àga gbọọrọ kankan lórí iyanrìn. Kò sẹ́ni tó máa ń lọ na gbalaja sí etíkun pé òun ń yá oòrùn. Oòrùn wo la tún fẹ́ yá? Oòrùn ló ń lé wa kiri! Omi òjò la fi ń ṣe ohun gbogbo. Àgbàdo àti òtílí la ń gbìn, bí a bá sì ti kórè tán, àwọn àgbà á kéde pé kí a tú ẹran sílẹ̀. Màlúù, ewúrẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kálukú á máa jẹ kiri láti ìpẹ̀kun erékùṣù dé ìpẹ̀kun láìsí okùn lọ́rùn. Àwa ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń jẹ èso etíkun títí ahọ́n wa á fi dúdú, kò sì sẹ́ni tó bi wá rí pé ilẹ̀ ta ni a dúró sí.

Tanti ló ni àwọ̀n. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, àwọn ọkùnrin sì kọ́kọ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ò lè ṣe olórí àwọ̀n. Láràárọ̀ ni yóò gun orí àpáta, tí á máa wo òkun. Bí ó bá rí i pé omi ń dúdú, tí àwọn ẹyẹ ń já ṣòòrò wálẹ̀, á fun ìkaraun ìgbín òkun, púúúù! Ìyá mi á fi èédú sílẹ̀ lórí iná. Tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ lójú pátákó. Gbogbo Anse Lambi á dà sí etíkun, a ó pín ara wa sí ìhà méjì, a ó di okùn àwọ̀n mú, a ó máa fà á, ẹ̀yìn la ó máa fi rìn, ojú wa á wà lára òkun.

Òfin kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yin àgbà ẹ bá mi sọ ọ́ jáde kí àwọn ọmọ gbọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, ó ní ìpín! Ẹ ṣeun. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó kàn di ìrù okùn mú tó ń fò sókè fò sílẹ̀, ìpín rẹ̀ ń bẹ. Papa Ignace tó fọ́jú, tí kò lè rìn mọ́, ilé rẹ̀ wà létí iyanrìn. Ẹ ò mọ ohun tí Tanti máa ń ṣe? Á so okùn mọ́ okùn títí á fi dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà, á fi lé e lọ́wọ́. Á ní, "Papa, ẹ fà á." Bàbá á ní, "Clothilda, ó wúwo o." Á ní, "Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kó wá o, kò bá má wá!" Bí wọ́n bá sì pín ẹja tán, Papa Ignace kì í dúpẹ́, torí pé kò tọrọ jẹ. Ó ṣiṣẹ́ jẹ ni. Ìyẹn ni inú rere Tanti. Kì í fún èèyàn ní nǹkan kó sì gba iyì rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ rántí ọjọ́ tí Fàdá dé láti ìlú. Ó wọ ẹ̀wù funfun gígùn, ó dúró lábẹ́ igi, ó ń retí ẹja. Tanti ní, "Fàdá, ẹ kú àbọ̀. Bàtà yín ṣì gbẹ." Fàdá ní, "Clothilda, láti àná ni mo ti ń gbàdúrà fún àwọ̀n yín." Ó ní, "Ẹ ṣé, Fàdá. Ọlọ́run á fún yín ní ìpín àdúrà. Ti ẹja ńkọ́? Okùn rèé." Ọkùnrin Ọlọ́run bọ́ bàtà, ó fà á, ó fìdí jálẹ̀ sínú omi tòun ti ẹ̀wù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ nídìí okùn.

Ẹ jẹ́ kí n mumi.

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Eléyìí ti ń mì níkùn mi láti àádọ́ta ọdún ó lé, mo sì fẹ́ dà á nù lónìí níwájú Tanti. Ẹ̀ ń bi ara yín pé báwo ni òtẹ́ẹ̀lì ṣe dé Anse Lambi. Àwọn kan ń sọ pé ìjọba ló tà wá. Irọ́ ni. Àwa la fọwọ́ ara wa fà á wá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lowell dé. Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ló gbé e wá. A fun ìkaraun, ó sáré wá bíi tiwa, kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó bọ́ bàtà. Ó ní, "Ṣé mo lè bá yín ṣe é?" Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, èmi ni mo fi okùn lé e lọ́wọ́. Odidi àkókò ẹja ló bá wa fà á. Ó jẹ òkèlè àgbàdo nílé wa. Ó kọ́ orin wa. Ìyá mi ń pè é ní ọmọ mi. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Tanti nìkan ló fura. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Norbert, ta ló fún ọkùnrin yẹn lókùn?"

Mo ní, "Èmi ni, Tanti. Èèyàn dáadáa ni."

"O ti wo ojú ẹ̀?"

"Kí ló ṣe ojú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó ń fa àwọ̀n, òkun ni wọ́n ń wò. Òun nìkan ló ń fi ọrùn wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ló ń wò, ọmọ Eunice. Ilẹ̀ ló ń wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbà ti ń dé sí Tanti. Ẹni ogójì ọdún!

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá fa àwọ̀n fún odidi àkókò ẹja lè pa àtíbàbà sórí iyanrìn, kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lowell ní òun ń tọrọ àyè díẹ̀ ní etíkun, ta ni yóò kọ̀ fún un? Ó ti fọwọ́ kan okùn. Ó mú ìwé wá. Àwọn bàbá wa rò pé báyìí ni àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń dúpẹ́ oore, pé ọmọlúwàbí ló ń ṣe. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n tẹ̀ka, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín níbí lónìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ̀ ọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí. Èmi ni mo di yíǹkì mú fún wọn. Mo mọ̀wé kà, mi ò sì ka ìwé tó sọ gbogbo etíkun wa di tirẹ̀. Ojú ń tì mí láti kàwé ọ̀rẹ́ mi níwájú rẹ̀. Ó ń dùn mí. Mi ò lè sọ bó ṣe ń dùn mí tó.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Tanti pé kó wá tẹ̀ka. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé àtàǹpàkò mi ń bó ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́." Títí ó fi kú, àtàǹpàkò yẹn ò ráyè.

Ìdí nìyẹn tí ilé rẹ̀ fi dúró síbẹ̀, tí wọ́n mọ odi yí i ká. Wọ́n ní àwọn á kọ́lé míì fún un, ó ní èyí tí òun ń gbé kò tíì wó. Ẹ̀ ń rántí ọ̀rọ̀ àkùkọ? Máníjà wá bá a, ó ní, "Mama, àkùkọ yín ń jí àwọn àlejò wa ní aago mẹ́rin ìdájí." Tanti ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n tún sùn sílẹ̀ ṣe?" Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àkùkọ ti di mẹ́ta. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń gba géètì wọn kọjá lọ tún sàréè ìyá rẹ̀ ṣe. Gádì tuntun á ní, "Mama, níbo lẹ̀ ń lọ?" Á ní, "Ilé ìyá mi. Ìwọ ńkọ́, ìyá tìẹ dà?" Gádì á yà fún un.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Kester. Kester, dìde. Má sá sẹ́yìn òpó yẹn, o ga ju òpó lọ.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ ọmọ Tanti ni. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣọ́ géètì òtẹ́ẹ̀lì. Mo gbọ́ ẹni tó pòṣé. Mo gbọ́ ẹni tó ní, "Ẹ̀wù wọn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ níbi òkú ìyá ìyá ẹ̀!" Sylvina, ìwọ ni, ohùn ẹ kì í pamọ́. Jókòó, jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ní àárọ̀ òní, nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun, àwa mẹ́ta gbé ṣọ́bìrì lọ sí géètì. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kester ò bá mi jà. Ó ṣí i gbayawu, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Pa Norbert, ẹ jókòó, ẹ̀yìn yín ò gbé e mọ́." Lábẹ́ igi fúrúùtù, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá Tanti, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Obìnrin àlejò kan rìn wá bá wa tòun ti ife tíì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?" Kester ò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá ìyá mi ni, mà." Obìnrin náà rọra padà sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí máníjà fi sáré dé. Ojú ẹsẹ̀ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kester ní, "Ó dáa, sà," ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀wù yẹn wà lọ́rùn ẹ̀ torí pé kò tíì délé láti àárọ̀. Ó jókòó ti kòtò náà títí Cosmos aládùúgbò wa àti àwọn ọmọ ọmọ Papa Ignace fi lọ gba ìṣọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kester, na ọwọ́ sókè. Sylvina, sún mọ́ ọn dáadáa, wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe bó. Ṣé o ṣì fẹ́ pòṣé?

Nítorí náà, kòtò ti wà ńlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé òdòdó wá, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá yín. Ní erékùṣù yìí, a kì í gbẹ́ kòtò òkú ká fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí kò bá rí ẹni tí a gbẹ́ ẹ fún, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlòmíràn lórúkọ. Kó fi ìyẹn sùn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A ti dákẹ́ tó. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la, ọ̀nà etíkun la máa gbà. Ẹ má mú àdá wá. Ẹ má mú òkúta. Ẹ wọ aṣọ funfun yín, ẹ gbé àwọn ọmọ yín dání, kí wọ́n rí ọ̀nà náà kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ṣí géètì, a ó kí wọn. Bí wọn ò bá ṣí i, a ó gbé Tanti sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a ó jókòó tì í, a ó máa dáná, a ó máa jẹun, títí wọ́n á fi ṣí i. Àwọn àlejò á kúkú rí ohun tí wọ́n fẹ́ wò.

Tanti Clothilda, ọmọ Ma Zelma, ó dìgbà o. Kí ojú ọjọ́ mọ́ fún yín, kí ìgbì rọlẹ̀ níwájú yín. Bí ẹ bá rí àwọn bàbá wa, ẹ sọ fún wọn pé a ò bínú sí wọn. Ẹ ní Norbert ń bọ̀ wá wí tẹnu rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe báyìí, ó níṣẹ́ lọ́la.

Ẹ máa lọ, ìyá wa. Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lọ. Àwa ò lọ síbì kankan.