Nọ́ọ̀tì Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Mo máa ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì máa ń dá wọn lẹ́bi kí n tó kà á tán. Lónìí, ẹjọ́ tèmi ni mo gbé wá. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ẹrù yìí ti wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi ò mọ̀, Alùfáà tí mo ń kírun lẹ́yìn wọn náà ò mọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ni ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé wọ́n ní kí n lọ bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀, kí wọ́n lè gbà kí dókítà tọ́jú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Mẹkáníìkì ni mí ní Owódé Onírin. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Mo mọ iṣẹ́, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní yáàdì ni Ó-Máa-Wọ̀, torí kò sí irin tí ẹ lè gbé wá tí màá sọ pé kò ní wọ ọkọ̀ yín. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn lè tú mi fó. Àmọ́ sísá ti sú mi, orúkọ yẹn gan-an ló sì kó mi sí wàhálà.

Oníbàárà mi kan wà tí à ń pè ní Bàbá Fúnmi. Awakọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, 504, tí wọ́n máa ń fọ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ajégúnlẹ̀ tiwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owódé ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé odò máa ń wọlé bá èèyàn lọ́dọọdún.

Lọ́dún kan, omi wọ ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù náà, èmi ni mo tún un ṣe. Bàbá wá rí wíìlì ńlá mẹ́rin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Tòkúnbọ̀ ni, láti ara jíìpù kan tí wọ́n ti gé tà fún àwọn onírin. Wọ́n ní ṣé kò lè wọ ọkọ̀ àwọn, kí ọkọ̀ náà lè ga, kí omi má dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Mi ò wọn ohunkóhun. Mo ní ó máa wọ̀.

Kò wọ̀. Taya ń ha mọ́gáàdì, mo fi máṣìn gé etí mọ́gáàdì kúrò. Ihò rímù ò bá bóòtì ọkọ̀ mu, mo fi fáìlì fẹ ihò náà. Wíìlì mẹ́ta gbà bákan ṣá. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ló yarí fún mi. Bí mo ṣe ń fi òòlù lù ú wọlé ni bóòtì méjì já.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Ó yẹ kí n tú u nígbà náà, kí n sọ fún Bàbá pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi ti pé jọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Ó-Máa-Wọ̀ máa tẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn nítorí iná. Mo mú nọ́ọ̀tì méjì, irin kékeré tí a fi ń dé bóòtì, mo fi iná wẹ́dà jó wọn mọ́ ara rímù níbi tí bóòtì ti já. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn tí wọ́n dì mú. Mo wá fi ọ̀dà fàdákà kun gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rò pé nọ́ọ̀tì pé.

Mo sọ fún ara mi pé tí òjò bá ti lọ, màá pe Bàbá padà, màá ṣe é bó ṣe yẹ. Mi ò pè wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ọkọ̀, Ìyá Fúnmi tẹ̀lé wọn wá. Pikọ́ọ̀pù ti ga débi pé àpótí ni Ìyá gùn kí wọ́n tó lè wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá ti sọ àwọn di ọmọdé. Wọ́n fún mi ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé, wọ́n sì ṣàdúrà pé ọwọ́ mi ò ní tì. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí omi tún dé, ọkọ̀ náà ṣe bẹbẹ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ń kó àwọn aládùúgbò jáde nínú omi, arúgbó àti aláboyún ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n, wọ́n sì ń yin èmi náà. Inú mi dùn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé nọ́ọ̀tì méjì yẹn.

Ọjọ́ kẹrin ni Bàbá wá kó ẹrù tiwọn, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé Fúnmi ọmọ wọn ní Ìṣẹ́rí Olówòrà. Ìyá kọ̀, wọn ò jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n di fìrísà mú kó má ṣubú. Wọ́n jáde nínú omi láyọ̀. Orí títì gidi, níbi tí kò sí omi mọ́, ni wíìlì ẹ̀yìn lápá òsì yọ. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyá já sínú gọ́tà, fìrísà sì já lé wọn lórí. Wọn ò tíì gbé Ìyá dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀mí fi bọ́.

Àṣà kan wà ní yáàdì wa. Bí ọkọ̀ bá dáràn, ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó wò ó, kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bù fún èèyàn. Nítorí náà, èmi ni wọ́n fa pikọ́ọ̀pù náà wá bá. Àwọn àgbà yáàdì dúró, àwọn ẹbí Ìyá dúró, Bàbá náà dúró, aṣọ wọn ṣì tutù. Wọ́n ní kí n wò ó, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo gbé rímù náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn nọ́ọ̀tì mi ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn digbí. Mo fi òòlù gbá wọn kúrò, mo sì jù wọ́n sínú kòtò omi. Mo wá jáde, mo ní ọkọ̀ ló fẹ̀gbẹ́ gba etí gọ́tà kí wíìlì tó yọ, ẹni tó ń wà á ni kò rí gọ́tà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú òsì Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Mo fi ojú yẹn bo ara mi.

Mo ń retí kí wọ́n já mi nírọ́. Bàbá kàn wò mí, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Mi ò rí i."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn ló ń pa mí jù.

Àwọn ẹbí Ìyá ò jẹ́ kí Bàbá da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Àwọn aládùúgbò tí Bàbá kó jáde nínú omi ń pè wọ́n ní afọ́jú tó wakọ̀ pa ìyàwó rẹ̀. Bàbá kó lọ sọ́dọ̀ Fúnmi, wọn ò sì fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Èmi máa ń lọ kí wọn lóṣooṣù. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá ni Fúnmi pè mí. Ojú òsì Bàbá ti lọ, ti ọ̀tún náà ti ń tẹ̀lé e. Dókítà ní tí wọ́n bá fi falẹ̀ kọjá oṣù yìí, kò ní ṣeé ṣe mọ́. Fúnmi ti ṣètò gbogbo rẹ̀, àmọ́ Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Daddy sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n trust."

Mo lọ. Mo sọ díẹ̀ nípa ojú náà. Bàbá dá mi dúró.

"Mẹkáníìkì mi," wọ́n ní, "gbogbo wọn ló ń tàn mí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi níṣojú gbogbo ayé. Ojú tó pa ìyàwó mi, kí ni kí n tún un ṣe fún?"

Ó yẹ kí n wólẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ ṣáà rò ó." Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo sì wá sílé.

Mo ní ọmọ mẹ́ta. Mo bẹ̀rù ọlọ́pàá, mo bẹ̀rù Fúnmi, mo sì bẹ̀rù ìtìjú ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ni mo sá fún tí Ìyá fi kú. Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kí ẹ bínú, ó tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà bá mi rò ó: ṣé Fúnmi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí Bàbá fúnra wọn? Tí wọ́n bá gbọ́, bóyá wọ́n á gbà kí wọ́n tọ́jú ojú náà. Oṣù ti ń parí lọ.

Lánàá, mo tún dé ẹnu ọ̀nà wọn. Bàbá nìkan ló jókòó sí fàráńdà. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí tààrà, wọn ò rí mi. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo yọ́ ẹsẹ̀ padà, mo lọ. Màá tún lọ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá tún bi mí, kí ni kí n sọ?