Ẹ̀yìn Ni Ọmọ Mi Ń Dúró

[Fóònù ń dún. Ọ̀sán Sátidé, oṣù kẹwàá, ọdún 2006.]

AKÍNWÙMÍ: Ẹ̀gbọ́n Láńre, ẹ káàsán, sà.

LÁŃRE: Káàsán, àbúrò mi. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

AKÍNWÙMÍ: A dúpẹ́, sà. Ìlú Lanham ni mo wà, wọ́n ń pààrọ̀ táyà mọ́tò mi. Ṣé Tolúlàṣẹ ti gbá bọ́ọ̀lù tán?

LÁŃRE: Wọ́n ti parí. Àwọn ọmọ wa ló borí. Ìwọ tó o máa ń wo football Òyìnbó ibí yìí, tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sá, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Safety, kí ni iṣẹ́ ẹ̀?

AKÍNWÙMÍ: Bíi last man ti bọ́ọ̀lù ilé ni. Ó máa ń dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn—

LÁŃRE: Ó ń dúró lẹ́yìn. O ṣeun.

AKÍNWÙMÍ: Àmọ́ safety méjì ló wà, sà. Wọ́n lè sún ọ̀kan síwájú kó máa—

LÁŃRE: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ẹ̀yìn. Coach ti mú Tolú kúrò lẹ́yìn. Ó gbé e lọ sáàárín àwọn ọmọ tó tóbi bíi fìríìjì. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní box. Akínwùmí, wọ́n ti gbé ọmọ mi sínú àpótí.

AKÍNWÙMÍ: Kì í ṣe irú àpótí yẹn. Ibi tí ìjà wà gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

LÁŃRE: Ta ló rán an níjà? Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo pápá. Ipò baálé ilé nìyẹn. Ti iwájú yẹn, iṣẹ́ alágbàṣe ni.

[Ariwo. Ohùn ń gé.]

AKÍNWÙMÍ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

LÁŃRE: Igi Accokeek níbí ló ń dí nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́. Máa sọ̀rọ̀.

AKÍNWÙMÍ: Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n. Tolú ò lè ṣọ́ èèyàn.

LÁŃRE: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

AKÍNWÙMÍ: A jọ lọ wo eré wọn lọ́jọ́ kan. Ọmọ tín-ín-rín kan ń sá kọjá lára ẹ̀ ṣáá. Tolú wá ń wo ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀, bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò tó gbá a tó sì sá lọ.

LÁŃRE: Oòrùn wà lójú ẹ̀.

AKÍNWÙMÍ: Òjò ló ń rọ̀, sà.

LÁŃRE: Cornerback, ẹni tó ń ṣọ́ etí pápá, ló jẹ̀bi. Cover two ni wọ́n ń lò. Safety méjì ló pín ẹ̀yìn pápá, cornerback ló yẹ kó kọ́kọ́ dí ọmọ yẹn lọ́wọ́—

AKÍNWÙMÍ: Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti mọ cover two?

LÁŃRE: Mo ti ń kà nípa ẹ̀.

AKÍNWÙMÍ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, pé medicine ló máa kà—

LÁŃRE: Ìyẹn ti kọjá.

AKÍNWÙMÍ: Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá tó láti máa lé èèyàn káàkiri. Àmọ́ ojú ẹ̀ yá. Tó bá ti wà níwájú, kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó mọ ibi tó máa gbà, Tolú ti gbé e ṣánlẹ̀. Ibẹ̀ ló bá a mu.

[Wọ́n ń kan gíláàsì mọ́tò Láńre.]

AKÍNWÙMÍ: Kí nìyẹn?

LÁŃRE: Security ni. Má dá a lóhùn.

AKÍNWÙMÍ: Security? Kí lẹ ṣe?

LÁŃRE: Wọ́n ní kí n sún van mi.

AKÍNWÙMÍ: Ẹ sún un, sà.

LÁŃRE: Mo fi dí ẹnì kan ni. Ọkùnrin kan wá láti yunifásítì kan ní Virginia, ó wá wo àwọn ọmọ tí wọ́n máa fún ní scholarship. Mo sọ fún un pé èmi ni bàbá Tolúlàṣẹ, pé kó má ka ti òní sí, free safety, ẹni ẹ̀yìn pátápátá, lọmọ mi. Bí wọn ò bá ní gbà á síbẹ̀, kó máa lọ.

AKÍNWÙMÍ: Kí ló wí?

LÁŃRE: “Thank you for your time, sir.” Ó wọ mọ́tò ẹ̀. Mo wá gbé van dí i lẹ́yìn, kó lè ráyè tún un rò.

AKÍNWÙMÍ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ mi? Tolú pè mí lánàá. Ibi tẹ́ ẹ ń bú yẹn gan-an lọkùnrin yẹn wá wò. Yunifásítì wọn ti ní ẹni tó ń dúró lẹ́yìn. Ẹni tó lè jà níwájú ni wọ́n ń wá.

[Security tún ń kan gíláàsì.]

AKÍNWÙMÍ: Tolú fúnra ẹ̀ ló bẹ coach pé kó sún òun síwájú. Ó ní ojú máa ń ti òun lẹ́yìn yẹn.

LÁŃRE: Kí ló dé tí ò sọ fún mi?

AKÍNWÙMÍ: Ó ní ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé òun ni last man lẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo òun. Ó ń bẹ̀rù pé tóun bá kúrò níbẹ̀, ẹ ò ní wá mọ́.

[Wọ́n ṣílẹ̀kùn mọ́tò kan, wọ́n pa á dé.]

AKÍNWÙMÍ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

LÁŃRE: Mo gbọ́. Ọkùnrin yẹn ti sọ̀kalẹ̀. Ó ń bọ̀ wá bá mi.

AKÍNWÙMÍ: Ẹ ṣí gíláàsì. Ẹ bẹ̀ ẹ́.

LÁŃRE: Kí ni kí n wí?

AKÍNWÙMÍ: Ẹ ní ẹ ṣì í sọ.

[Gíláàsì ń sọ̀kalẹ̀. Atẹ́gùn.]

LÁŃRE: Sir, good afternoon again. That place in front, the box. My son likes it there. Èmi ni mo— I am the one who did not know. Please.

[Ohùn ọkùnrin kan, kò já geere.]

AKÍNWÙMÍ: Kí ló wí?

LÁŃRE: Dúró ná. Ó ní kí n lọ pe Tolú wá. Ó ní òun àti Tolú nìkan ló máa jọ sọ̀rọ̀, kí èmi jókòó sínú van mi—

[Ìpè já.]