Òróró Lórí Orúnkún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́, nítorí ibi tí mo dé, kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló ń padà. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi. Mo gbá a títí ara fi kọ̀ ọ́, mo wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni mo ń kọ́ títí di àìpẹ́ yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ gbá ìdíje àṣekágbá, orúnkún Bọ́sẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn, wú, ó ń gbóná. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ sáré. Alága ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Kóòṣì, ṣé àdúrà yín ti tán ni? Ẹ ṣe é fún un bí wọ́n ṣe ṣe é fún yín."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tiwa, bí orúnkún bá ń dun ẹnìkan, Bàbá Kóòṣì tó kọ́ wa á da òróró àdúrà sí i, á gbé ọwọ́ lé e, á ní, "Bí o bá gbàgbọ́, dìde." Ẹni tí kò bá dìde, aláìnígbàgbọ́ ni. Ta ló fẹ́ jókòó? Mo dá alága lóhùn pé n ó gbàdúrà sí i. Mo wọ yàrá mi, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn mí. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Kò kí mi. "Máa bọ̀" nìkan ló wí.

A dé ibi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ igi, tí àwọn èèyàn jókòó, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀pẹ, o ò tíì kúrú síbẹ̀."

Délé ni, tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù, òun ló sọ mí ní Ọ̀pẹ nítorí gíga mi. Bàbá Kóòṣì da òróró sí orúnkún Délé lọ́jọ́ kan. Ó dìde, ó sáré, ohun kan já nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo wa gbọ́. Ọ̀pá ló fi rìn títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn ó fò sókè níwájú mi, kò tiro.

Ó ní, "Mo ti ń fò jù ẹ́ lọ báyìí."

Mo ní, "Ìwọ tó ò lè fo kòtò."

A rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jókòó tì í, àmọ́ ojú rẹ̀ yí padà. "Kò tíì kàn ẹ́. Máa bá a lọ. Bí o bá rí Bàbá Kóòṣì, sọ fún un pé mo ti dárí jì í."

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ooru sì ń gba ojú mi. Mo rí rẹfirí kan tí fèrè iná há sí lẹ́nu. Bó bá ti mí, fèrè á dún, kò sì lè ṣe kó má mí. "Òpùrọ́ ni," ni amọ̀nà mi wí. Mo rí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin wọ yàrá kó tó mú wọn wọ ẹgbẹ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn kan, ẹnikẹ́ni ò ṣí i, iná sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Alágbèrè ni."

Lẹ́yìn náà ni a dé pápá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, mo sì rí Bàbá Kóòṣì lórí rẹ̀, òróró gbígbóná ń dà sí orúnkún rẹ̀ láti òkè, ohùn kan ń wí pé bí o bá gbàgbọ́ dìde, ó ń dìde, ó ń sáré, ohun kan ń já nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe já nínú ti Délé gẹ́lẹ́, ó ń ṣubú, òróró tún ń dà, ohùn tún ń wí, ó tún ń dìde.

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ máa ń gbàdúrà fún wa?"

"Mo gbàdúrà, Ọ̀pẹ. Ife ẹ̀yẹ ni mò ń tọrọ. Mi ò tọrọ orúnkún yín rí."

Mo jíṣẹ́ Délé fún un. Ó sunkún. Amọ̀nà mi ní, "Délé ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n orúkọ Olúwa ló fi fipá mú ọmọ ọlọ́mọ, Olúwa ló sì ń bá a ṣẹjọ́ ìyẹn."

Àga àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wà létí pápá náà. Ọ̀kan ṣófo. Fèrè tèmi, olókùn búlúù, ni wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi amọ̀nà mi pé ta ló ni àga yẹn, ó ní, "Ó kù sí ọwọ́ rẹ." Ibẹ̀ ni òróró ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àga náà, mo sì ta jí.

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bọ́sẹ̀ ni, ó fi aṣọ di orúnkún, ó mú ìgò òróró kékeré lọ́wọ́.

"Kóòṣì, alága ní kí n wá. Mo gbàgbọ́, sà."

"Mo mọ̀ pé o gbàgbọ́. O ò ní gbá lónìí."

"Wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà mí."

"Kí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi."

"Alága ńkọ́, sà?"

"Èmi ni kó bínú sí."

Wọ́n nà wá nínú ìdíje náà. Etí pápá níbẹ̀ ni alága ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bọ́sẹ̀ ló bá mi gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń tiro, àmọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí níkàáwọ́, ní pápá, ní ilé ìwé, nínú ìjọ yìí pàápàá: kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, ẹ bi ara yín pé kí lẹ ń tọrọ. Mo ti rí àga yẹn. Ó ṣì ṣófo.